Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ìyára Ṣọ́tà Nígbà Tí A Bá Ń Fi Fíláàṣì Ya Fọ́tò Nínú Ilé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pẹ́ tí mo ra fíláàṣì tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà. Wọ́n sọ fún mi pé bí fọ́tò bá mọ́lẹ̀ jù, kí n jẹ́ kí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, yára sí i. Mo gbé e láti 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ sí 1/200, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí mo ń yà kò yí padà rárá, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn. Nígbà tí mo gbé e dé 1/500, apá ìsàlẹ̀ fọ́tò náà dúdú bíi pé wọ́n fi nǹkan bò ó. Ṣé kámẹ́rà mi ló ti bàjẹ́ ni, àbí fíláàṣì?

ÌDÁHÙN: Kámẹ́rà yín kò bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe fíláàṣì yín. Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín ni kò bá ọ̀ràn yìí mu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn láìdáwọ́ dúró, irú ti oòrùn tàbí ti gílóòbù, ni ìyára ṣọ́tà máa ń dín kù tàbí kó fi kún. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló máa ń wọnú fọ́tò tí a bá fi fíláàṣì yà nínú ilé: èyí tó ti wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀, àti èyí tí fíláàṣì kọ mànà. Ti yàrá nìkan ni ṣọ́tà lágbára lé lórí.

Ẹ wo bí àkókò wọn ṣe rí. Fíláàṣì tó tàn tagbáratagbára kì í pẹ́ ju nǹkan bíi 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí díẹ̀ lé, kó tó kú. Bí a bá sì dín agbára rẹ̀ kù gan-an, ó lè kúrú ju 1/10000 lọ. Ṣọ́tà tí a ṣí fún 1/60 ti wà ní ṣíṣí kí fíláàṣì tó tàn, kò sì ní í pa dé títí yóò fi kú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti 1/200. Bí mànàmáná bá kọ nígbà tí fèrèsé wà ní ṣíṣí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó wọlé kò ní í pọ̀ sí i nítorí pé a kò tètè ti fèrèsé náà. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tí ẹ yà fi rí bákan náà nígbà méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tó wà lára ògiri ló dín kù, nítorí pé èyí tó wọlé ní 1/200 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wọlé ní 1/60.

Bí ojú ènìyàn bá funfun jù, agbára fíláàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ tún lè mú kí ihò lẹ́ńsì kéré sí i tàbí kí ẹ dín ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) kù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn méjèèjì yìí yóò mú ìmọ́lẹ̀ yàrá náà wálẹ̀ pẹ̀lú ti fíláàṣì. Ohun kẹrin ni jíjìnnà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ: bí fíláàṣì bá wà ní mítà 2 sí ẹni tí ẹ ń yà, tí ògiri sì wà ní mítà 4, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ògiri yóò rí gbà nínú ìmọ́lẹ̀ tó dé ara ẹni náà. Ògiri ẹ̀yìn kò lè ṣe kó má ṣókùnkùn bí ẹ kò bá jẹ́ kí iná inú yàrá ràn án lọ́wọ́, ṣọ́tà tó lọ́ra díẹ̀ ló sì ń ṣe èyí.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ pa fíláàṣì, màá sì ya yàrá náà lásán títí yóò fi hàn ṣùgbọ́n tí yóò ṣú díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Nínú yàrá tí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n, f/4 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì), ISO 800 àti 1/30 jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá tan fíláàṣì, tí màá kọjú rẹ̀ sí àjà bí àjà náà bá funfun tí kò sì ga jù, màá sì wá máa tún agbára rẹ̀ ṣe títí ojú ènìyàn yóò fi rí bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà lọ, bí mo bá fẹ́ kí yàrá mọ́lẹ̀ sí i tàbí kó ṣú sí i, ṣọ́tà nìkan ni màá fọwọ́ kàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ apá tó dúdú. Aṣọ ìkélé méjì ló wà nínú ṣọ́tà ọ̀pọ̀ kámẹ́rà: àkọ́kọ́ yóò sún kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orí sẹ́ńsọ̀ (ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà), èkejì yóò tẹ̀ lé e láti bò ó. Ní 1/200, àkọ́kọ́ máa ń parí ìrìn rẹ̀ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìgbà kan wà tí gbogbo sẹ́ńsọ̀ wà ní gbangba, ìgbà náà ni fíláàṣì sì ń tàn. Ní 1/500, èkejì ti gbéra kí àkọ́kọ́ tó dé ibi tó ń lọ, àlàfo tóóró kan ló sì ń rìn kọjá lójú sẹ́ńsọ̀. Fíláàṣì tó tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè dé ibi tí aṣọ náà bò. Ààlà yìí máa ń wà láàárín 1/160 sí 1/250 lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, ìwé tó bá kámẹ́rà yín wá yóò sì sọ iye tirẹ̀ gan-an. Ó jọ pé fíláàṣì yín jẹ́ irú èyí tí kì í bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ ju pé kó gba àṣẹ láti tàn, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn yé, kámẹ́rà ìbá ti kọ̀ láti kọjá ààlà náà.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní HSS, níbi tí fíláàṣì ti máa ń tàn léraléra, kíákíá, ní gbogbo ìgbà tí àlàfo náà fi ń kọjá. Agbára rẹ̀ máa ń dín kù púpọ̀ nítorí èyí. Ìta gbangba, níbi tí a ti ń bá oòrùn wọ̀jà, ni ó wúlò sí; n kò rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nínú ilé.

ÌBÉÈRÈ: Mo lo 1/8 kí yàrá lè hàn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tó ń sáré ní òjìji bàìbàì níwájú wọn, bíi pé wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn. Kí ni mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Fíláàṣì yín ń tàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ṣọ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ó ya ọmọ náà kedere níbi tó wà, ọmọ sì ń sáré lọ, iná yàrá wá ń ya ìyókù ìrìn rẹ̀ síwájú. Ẹ wá Rear Sync nínú ètò kámẹ́rà tàbí ti fíláàṣì yín, èyí tó ń mú kí fíláàṣì dúró di ìgbà tí ṣọ́tà bá kù díẹ̀ kó pa dé. Òjìji náà yóò sì bọ́ sẹ́yìn ọmọ, níbi tó yẹ kó wà. Bí ẹ kò bá fẹ́ òjìji kankan, ẹ gbé ṣọ́tà lọ sí 1/125, kí ẹ sì fara mọ́ ọn pé yàrá yóò ṣú.

Nínú òkùnkùn pátápátá, fíláàṣì nìkan ni yóò dá ohun gbogbo tó ń rìn dúró nínú fọ́tò. Harold Edgerton, onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, lo èyí dáadáa: ó ń ṣí ṣọ́tà sílẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ó sì ń jẹ́ kí fíláàṣì tó kúrú gidigidi mú ọta ìbọn tó ń la èso ápù kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni fíláàṣì fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Rárá. LED ló wà lára ọ̀pọ̀ fóònù, ó sì máa ń tàn ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá fi ń ya fọ́tò. Ṣọ́tà lágbára lé e lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe lágbára lé gílóòbù lórí, kò sì lè dá ẹni tó ń sáré dúró bíi ti fíláàṣì gidi. Ẹ ní kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́.