Kápúsù ni àbí abẹ́rẹ́? Èmi ti lo méjèèjì

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bóyá kápúsù BPC-157 (peptide ni, ègé purotéènì kékeré tí àwọn kan ń lò fún iṣan tó farapa) sàn ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ fún iṣan gìgísẹ̀ tó ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, torí iṣan gìgísẹ̀ yìí kan náà ló dá mi jókòó.

Kápúsù ló rọrùn jù: ẹ gbé e mì, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń da ẹran ló ṣe ń da peptide, wẹ́wẹ́ ló máa ń gé e. Àwọn tó ń tà á á ní tirẹ̀ kì í dà, torí ara purotéènì inú omi ikùn ni wọ́n ti mú un jáde. Ó dáa, kó má dà níkùn kò ní kó dé gìgísẹ̀. Owó mi nìkan ni mo rí i pé ó dín kù.

Abẹ́rẹ́ kò gba ikùn kọjá ní tirẹ̀. Inú ìgò ni wàhálà wà. Ìyẹ̀fun funfun bíńtín ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi sírìnjì ta omi sí i, kó máa ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, láìmì í, kẹ́ ẹ tó gbé e sí fìríìjì. Lára ìgò yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìwádìí nìkan ló wà fún, kì í ṣe ènìyàn. Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ìrora mi rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà yẹn náà ni oníṣẹ́ fìsíò gbé eré ìdárayá lé mi lọ́wọ́, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Ara eku ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ń díje, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn amárale nínú eré ìdárayá, ti kà á léèwọ̀ láti 2022. TB-500, peptide míì tí wọ́n ń tà bíi tirẹ̀, náà wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀.

Collagen oníyẹ̀fun, irú purotéènì tó wà nínú iṣan gìgísẹ̀, ni mo ṣì ń mu. Òun náà ń dà níkùn, kò sì sẹ́ni tó ń sẹ́ ẹ. Nínú ìwádìí kékeré kan lọ́dún 2017, àwọn tó mu gelatin (collagen tí wọ́n ti sè) gíráàmù 15 pẹ̀lú fítámínì C, ní wákàtí kan kí wọ́n tó fo okùn, ní àmì nínú ẹ̀jẹ̀ pé ara wọn ń ṣe collagen tuntun sí i. Bí mo ṣe ń mu ún nìyẹn, kí n tó lọ dúró létí àtẹ̀gùn: màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé gìgísẹ̀ sókè, màá fi èyí tó ń dùn mí nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́ “pàù” lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí ẹ ò sì lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, ẹ pa gbogbo èyí tì, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ lónìí.