Ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun kan: kí ló dé tí ọmọ mi ò fi gba máàkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé, ọmọ mi sì wà ní SS1. Wọ́n ní kó fi ẹ̀rí hàn pé onígun mẹ́ta méjì bára mu régí. Ó rí ẹ̀gbẹ́ méjì tó dọ́gba, ó rí igun kan tó dọ́gba, ó kọ SAS (S dúró fún ẹ̀gbẹ́, A fún igun), olùkọ́ sì fi bírò pupa fagi lé e. Ṣebí ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun kan náà ni SAS?

Ìdáhùn: Olùkọ́ ò ṣì í, Mà. Igun tí ọmọ yín mú ni ò sí níbi tó yẹ kó wà. Àárín S méjì ni A wà nínú SAS, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ rí lórí àwòrán: ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé gan-an ni igun náà. Bí igun bá ti bọ́ sí ìta, ó ti di SSA nìyẹn, SSA kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kó fa ìlà gígùn kan, kó tó sẹ̀ǹtímítà 12, kó pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní B. Kó fi protractor wọn igun 30° ní B, kó fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 8 gba ibẹ̀ lọ sókè dé A. Kó wá ya ẹsẹ̀ kọ́ḿpáàsì sí sẹ̀ǹtímítà 5, kó gún un mọ́ A, kó sì yí i. Ìgbà méjì ni yóò gé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn: ọ̀kan ní nǹkan bíi 3.9 sí B, èkejì ní nǹkan bíi 9.9. Onígun mẹ́ta méjì ló ti yọ yìí. Àwọn méjèèjì ní 30°, wọ́n ní 8, wọ́n ní 5, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ gùn ju ti èkejì lọ. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya èyí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ṣì í mọ́.

Kó wá sún igun yẹn sí 90°, kó fi 8 sílẹ̀, kó ya kọ́ḿpáàsì sí 10. Yóò ṣì gé ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì bó bá fà á kọjá B, ṣùgbọ́n ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún B, ọ̀kan á wà lósì, sẹ̀ǹtímítà 6 sí B ní ìhà méjèèjì. Bí ojú inú dígí àti ojú ẹni ni wọ́n rí síra, wọ́n bára mu. Ìdí nìyí tí a fi gba RHS (igun 90°, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, àti ẹ̀gbẹ́ mìíràn kan) wọlé.

AAA náà ò tó. Odó ńlá àti odó kékeré lè ní ìrísí kan náà délẹ̀, síbẹ̀ ẹnìkan ò ní pè wọ́n ní ọgba. Igun mẹ́ta sọ ìrísí fún wa, kò sọ ìwọ̀n. Ó kéré tán, a nílò ẹ̀gbẹ́ kan. ASA àti AAS dára, SSS náà dára. Níbi AAS, kí ọmọ yín ṣọ́ra: bí 7 bá kọjú sí igun 60° níhìn-ín, tó wá kọjú sí 50° lọ́hùn-ún, kò bára mu.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ rèé. Ẹ wo igi òrùlé tí káfíńtà kàn: AB àti AC ni igi méjì tó dagun, gígùn wọn dọ́gba, BC ni igi ìsàlẹ̀, AD ni òpó àárín tó dúró ṣánṣán lórí BC.

AB = AC (wọ́n fún wa)
∠ADB = ∠ADC = 90° (AD dúró ṣánṣán)
AD = AD (àwọn méjèèjì ló ni ín)
Nítorí náà △ABD ≡ △ACD (RHS)

Ìdí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni máàkì wà. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn: B bá C lọ, D bá D. Bó bá kọ △CAD síbẹ̀, ó ti sọ pé igun B dọ́gba pẹ̀lú igun A nìyẹn. Lẹ́yìn ìlà kẹrin yìí nìkan ló lè kọ BD = DC. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ ọ́ sókè nítorí pé ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú àwòrán, wọ́n sì ti fi ohun tí wọ́n ń wá ṣe ẹ̀rí fún ara rẹ̀.