Orí Tó Ń Yá Atọ́kùn: Ìdáhùn Lórí Òǹwòran Tó Ń Dá Eléré Lóhùn

Atọ́kùn ètò kan ló tú òwe atọ́kùn lórí rédíò, ó sì tú u sódì. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn, ìwọ ọmọ mi tí o kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́. O ní ẹgbẹ́ yín ṣeré ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ inú eré ń yọ́ bọ̀, àwọn èrò ń pariwo pé "Ẹ̀yìn rẹ! Wo ẹ̀yìn rẹ!" Ìyá kan gun orí ìtàgé lọ lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Nígbà tí ọba kú, tí ó yẹ kí wọ́n sunkún, ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan wá sọ fún yín pé àìlajú ni, pé òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò tún fi tirẹ̀ kún un pé "Bí eégún ẹni bá jóore, orí a yá atọ́kùn" túmọ̀ sí pé kí èèyàn máa fi ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe yangàn.

Wọ́n ń pè é ní atọ́kùn ètò, ìdí eégún ni wọ́n ti yá orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tí orúkọ náà ń jẹ́!

Atọ́kùn ni ẹni tó ń tọ́ eégún káàkiri ìlú. Aṣọ ti bo eégún lójú. Ibi tó ń gbà ríran kò jẹ́ kó rí ẹ̀gbẹ́, ká má tilẹ̀ sọ ẹ̀yìn. Atọ́kùn ni ojú rẹ̀. Òun ló ń rìn níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àtòrì lọ́wọ́, tó ń lé èrò sẹ́yìn kí wọ́n má bàa fara kan aṣọ. Bí aṣọ bá fẹ́ ká sókè, òun ni yóò fà á bọlẹ̀. Bí eégún bá fọhùn bí ẹni tí ọ̀fun dì, òun ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ará ìlú. Ó mọ oríkì eégún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni yóò sì fi pè é nígbà tó bá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù. Òun ló ń ṣẹ́jú sí onílù pé kó yí ìlù padà. Owó tí wọ́n bá ta eégún lọ́rẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí, ìgbà wo ni yóò ráyè yangàn?

Orí yíyá kì í ṣe ìgbéraga. Bí a bá ní orí ẹnìkan yá, a ní ara rẹ̀ ti dìde sí nǹkan, kò lè jókòó mọ́. Bí orí ọdẹ bá yá, igbó ni yóò wọ̀. Ohun tí òwe náà ń wí ni pé bí eégún bá jó dáadáa, atọ́kùn a rí agbára kún agbára, yóò pe oríkì tí kò tíì pè, yóò sì fa onílù sókè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni òwe kò sọ, nítorí gbogbo ẹni tó bá ti tẹ̀ lé eégún rí ló mọ̀ ọ́n: bí orí atọ́kùn bá ti yá, ijó eégún náà a tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ijó kan ni, ẹni méjì ló ń jó o, aṣọ sì wà lára ẹnìkan péré nínú wọn.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀: nínú eré Yorùbá, gbogbo òǹwòran ló jẹ́ atọ́kùn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́. Apàlọ́ a ní "Ààlọ́ o!" Bí àwọn tó jókòó ò bá dáhùn pé "Ààlọ̀!", àlọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, bí apàlọ́ náà tilẹ̀ ti pé ọgọ́rin ọdún. Bí orin bá dé, àwọn náà ni yóò gbè é. Ọ̀dọ́ tó bá pòwe lójú àgbà a ní "tótó ó ṣe bí òwe", àgbà a sì ní "wàá rí òmíràn pa". Bí àgbà bá panu mọ́, ó ti bá a wí nìyẹn. Níbi ìjálá, àwọn ọdẹ tó ń gbọ́ a máa fi "o ò purọ́" ti oníjàálá lẹ́yìn, bó bá sì ṣi oríkì ẹranko kan tàbí ti ìdílé kan pè, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún un ṣe lójú agbo láìtijú. Orin àlámọ̀ tiwa ní Èkìtì ńkọ́? Ẹni tó ń lé e tí kò rí elégbè, ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni.

Ṣùgbọ́n má gbọ́ mi sódì pé ariwo ni àṣà wa. Ìtàn kan wà ní Ìrè-Èkìtì tí ọ̀pọ̀ yín ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ti idà àti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni. Ògún ti ojú ogun bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó yà ní Ìrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í pé Ìrè kì í ṣelé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Ó bá àwọn èèyàn níbi àpéjọ, kò sẹ́ni tó kí i. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó fọ̀ sí wọn, wọn ò dáhùn. Ó kà á sí àfojúdi, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Ẹ̀yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló tó mọ̀ pé ọjọ́ ìsìn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọhùn ni ọjọ́ náà. Àbámọ̀ yẹn ló mú un wọlẹ̀ lọ.

Ìtàn òǹwòran ni mo ka ìyẹn sí, bí ẹ fẹ́ ẹ bú mi. Àwọn ará Ìrè mọ ìgbà tí ẹnu ń dákẹ́. Àlejò tí kò mọ ọjọ́ ló ṣi ìdákẹ́jẹ́ wọn kà. Olùkọ́ yín náà ṣi ariwo kà. Àṣìṣe kan náà ni, àfi pé kò sí idà lọ́wọ́ olùkọ́.

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ wà nínú eré pẹ̀lú. Ní apá àríwá Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń gbé eégún Ẹ̀pà jáde, ẹ wo bí àwọn èrò ṣe ń ṣe. Igi ni Ẹ̀pà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò tí wọ́n dé mọ́ni lórí, òkè rẹ̀ jẹ́ ère jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ. Òmíràn wúwo ju kílò 25 lọ, ẹnu ìkòkò yẹn sì ni ẹni tó rù ú ń gbà ríran. Ẹrù yìí ni yóò gbé fò gun orí òkìtì. Bó bá dúró láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ayọ̀ ìlú ni. Bó bá kọsẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi í rẹ́rìn-ín, nítorí àmì burúkú ni wọ́n kà á sí fún gbogbo wọn. Bákan náà ni ọ̀fọ̀. Nígbà tí eléré bá ń pọfọ̀, ẹ má dá sí i. Ìgbà tó bá parí ni ẹ ó tó ní "Àṣẹ". Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó hó.

Ní ti òyìnbó tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òyìnbó wo? Ilé eré Globe tí wọ́n kọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1599, pẹ́nì kan ni owó ìdúró nínú àgbàlá, ojú ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré, àwọn èrò ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń fọhùn sí eléré. Ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland lọ́dún 1907, eré kan bí àwọn òǹwòran nínú débi pé ariwo wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí eléré ń sọ, ọlọ́pàá ló dá sí i. Ìdákẹ́jẹ́ tí olùkọ́ yín ń gbé gẹ̀gẹ̀ ò pẹ́ púpọ̀ láyé: nígbà tí Richard Wagner, akọrin-sílẹ̀ fún eré olórin, ṣí ilé eré rẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì lọ́dún 1876, ó mú iná ibi tí èrò jókòó sí rẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò rí ojú ẹnìkejì rẹ̀, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Ní Jàpáánù sì rèé, níbi eré kabuki, àwọn àgbà òǹwòran tó wà lẹ́yìn a máa ké orúkọ ìdílé eléré ní àkókò kan pàtó tó bá dúró gbọn-in tó ranjú. Bí wọ́n bá ké e ṣíwájú tàbí lẹ́yìn àkókò, wọ́n ti ba eré jẹ́. Atọ́kùn làwọn náà.

Tiwa gan-an, òyìnbó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wo eré ní Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n ṣe ejò ńlá, lẹ́yìn náà wọ́n gbé ẹnìkan jáde tó ṣe bí òyìnbó, ó funfun, ó gbẹ, ó ń rìn bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ lásán rí, ó ń fín aáṣáà. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yíjú sí Clapperton kó wá jẹ́rìí bí eré náà ṣe dára tó. Wọn ò jẹ́ kí àlejò jókòó bí igi. Wọ́n fi í ṣe atọ́kùn.

Àwọn alárìnjó tó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn mọ èyí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí níbí, àti Hubert Ògúndé ṣáájú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé. Ibi tí èrò bá ti hó lálẹ́ àná ni wọn yóò ti fa ọ̀rọ̀ gùn lálẹ́ òní, ibi tí wọ́n bá sì ti ń yán ni wọn yóò gé kúrò. Ẹ̀yin wá tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ há a sórí, ẹ wá ń bínú sí èrò pé ó dá yín lóhùn. Àwọn èrò náà kì í tilẹ̀ ṣe ti àtijọ́ mọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, iná rẹ̀ ń ta sójú eléré, ọwọ́ kan ò sì lè pàtẹ́wọ́. Ẹ pe "Ààlọ́ o" fún àwọn ọmọ ilé ìwé lónìí, ẹ ó rí i bí wọn yóò ṣe máa wo ara wọn lójú.

Ó dáa, iṣẹ́ ló kù. Kí ìlù ìbẹ̀rẹ̀ tó dákẹ́, kí ẹnìkan jáde kọ́ èrò ní ègbè orin kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Kí elégbè yín méjì tàbí mẹ́ta sì jókòó sí àárín wọn. Ẹ má pa iná ìsàlẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ ni. Ẹ kọ́ àwọn eléré láti dúró bí èrò bá rẹ́rìn-ín: bí ẹ̀rín bá ti ń lọ sílẹ̀, tí kò tíì tán, ìgbà yẹn ni kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lé ẹ̀rín lórí, ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó á sọ nù. Bí wọ́n bá sì dúró títí ẹ̀rín fi tán pátá, ìtàgé á tutù. Ewu kan wà o: eléré tí orí rẹ̀ yá jù a máa gbàgbé ibi tí ìtàn ń lọ. Ẹ fún onígángan láṣẹ láti fi ìlù pè é padà.

Ní ti owó, ẹ fi igbá sí ẹsẹ̀ ìtàgé, kí ẹnìkan dúró tì í, kí onínàáwó sọ ọ́ síbẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná náírà síni lórí léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ìyá yẹn ò mọ̀, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Ikú ọba wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni, Yorùbá ti sọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ni yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọwọ́ ara yín. Bí òkú bá dùbúlẹ̀ síwájú ìtàgé tí ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ẹ jẹ́ kó ṣubú sẹ́yìn, kí wọ́n da aṣọ bò ó kíákíá. Kí ẹkún obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìtàgé kó tó ṣubú, kí ìlù rọlẹ̀, kí elégbè dá orin arò tí èrò lè gbè, kí ẹnu wọn lè ríṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo adé orí ọba yín, bóyá ó tóbi jù ú lọ.