Ìbéèrè Yín: Níbo Ni Kí N Ti Rí Àyè Ṣe Àṣàrò Lópin Ọ̀sẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo sì bí. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń fọṣọ tí mo fi ń ná ọjà Bódìjà. Bí ó bá ti di ọ̀sán, ìnáwó ẹbí tàbí ti ará ibi iṣẹ́ yóò ti dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń wà láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì, nítorí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí mo bá ṣí Bíbélì lálẹ́, oorun ni yóò gbé mi lọ kí n tó ka ẹsẹ mẹ́ta. Ọkọ mi ní ìsìn tí mò ń lọ ti tó, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Abilékọ kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Abilékọ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọrin, tí ó ń wo ojú ọ̀gá akọrin, tí ó sì ń ṣọ́ ibi tí ohùn tirẹ̀ yóò ti wọlé, kì í sábà ráyè ronú lórí ohun tí ó ń kọ lórin. Orin Dáfídì kìíní sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ń ṣe àṣàrò nínú òfin Olúwa tọ̀sán tòru, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà jọ àpọ̀jẹ tí ewúrẹ́ ń jẹ: yóò ti jẹun kiri láàárọ̀, yóò wá dùbúlẹ̀ sí abẹ́ àtíbàbà, yóò máa dá èyí tí ó ti gbé mì padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò sì máa lọ, yóò máa bọ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ máa kà.

Ẹ fi alẹ́ sílẹ̀ fún oorun. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé ni kí ẹ mú, kí aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì lo ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré. Ìwé Rúùtù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: orí 4 ni ó ní, orí kan fún Sátidé kan, oṣù kan sì ti parí. Bíbélì tí a tẹ̀ sórí ìwé ni kí ẹ lò, kí fóònù wà ní ilé ìdáná, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ṣoṣo tó láti gbé yín kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù bọ́ sórí owó aṣọ ẹbí. Bí ẹ bá ní Bíbélì Yorùbá ti àtijọ́, èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ó tún dára jù. Àmì ohùn inú rẹ̀ kò pé, ẹ ó sì ní láti rọra kà á sókè kí ẹ tó mọ èyí tí ó ń pè. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Ní tèmi, kò sí ohun tí ó ń dá ojú tí ó ń sáré dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí ó bá mú yín lọ́kàn sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi bí ẹ bá ti bọ́ aṣọ akọrin.

Ní ti ìnáwó, kò pọn dandan kí ẹ dé gbogbo rẹ̀. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti kí i tó.

Ó wá ku ọkọ yín. Nínú orí kejì ìwé Rúùtù yìí, bí Rúùtù ti ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè, Bóásì tí ó ni oko náà pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìtí ọkà, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ ka ibẹ̀ sí i létí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bá yín po ògì àwọn ọmọ láàárọ̀ Sátidé, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn yín títí aago mẹ́fà yóò fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.