Kí ló dé tí obìnrin inú fọ́tò yẹn fi kẹ̀yìn sí wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Mo mú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, lọ wo àfihàn fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà, níbí ní Ìlú Ọba. Orí obìnrin ló kún ibẹ̀, ẹ̀yìn orí ló sì pọ̀ jù. Ọmọ ní, "Mọ́mì, kí ló dé tó kẹ̀yìn sí wa? Ṣé ó ń bínú ni?" Èsì ò yá mi lẹ́nu. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mọ́mì. Ojú la máa ń kọ́kọ́ wá nínú fọ́tò; bí a ò bá rí i, ó máa ń ṣe wá bíi pé wọ́n bá wa jà. Irun ni Ojeikere fẹ́ ká wò. Ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì yà tó nǹkan bí 1,000 kó tó kú lọ́dún 2014. Ká ní ojú ló yà ni, ẹ̀rín obìnrin náà la ó máa wò, a ò ní rí ojú ìpín irun. Ṣebí àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni.

Ní Houston níbí, mo fi èyí tó yà lọ́dún 1975, Onílé Gogoro, han ọmọ mi ọkùnrin. Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ tó fi ní aláǹtakùn ni. Mo ní kó fi ọwọ́ kan ibi tó ti rí i. Ó ń tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí irun ṣe ga tó sì tẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ orúkọ irun náà àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tún un wò, ó pariwo: "Ilé alájà ni!" Mi ò gba aláǹtakùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o, ohun tó rí ni. Àmọ́ nígbà tó ní wáyà ni wọ́n fi ṣe é, mo ní rárá, òwú dúdú ni. Wọ́n ń wé e mọ́ irun láti ìdí dé ṣóńṣó ni.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ èyí tí ẹ bá mọ̀ fún un, ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá dirun fún un, ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn orí rẹ̀, kí ẹ gbé e fún un, kí ẹ sì bi í bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ ń bínú.