Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Ọjọ́ Mẹ́ta ní Alẹkisáńdíríà fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olótùú. Kúbwà ní Àbújá ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni àwa méjèèjì ń ṣe. Wọ́n pe ọkọ mi sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan ní Káírò nínú oṣù Kọkànlá, mo sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n lè bá a lọ. Bí ó bá ti parí, a fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta wo Alẹkisáńdíríà, ìlú tí mo ti ń rí orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì láti kékeré, tí bàbá ọkọ mi, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, náà kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Níbo ni kí á sùn, kí ni kí á wò, kí sì ni kí á yẹra fún kí owó wa má baà tán kí a tó padà? Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Kúbwà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ óò náwó lé lórí, ibi tí ẹ bá sùn ni yóò pinnu bí owó yín yóò ṣe pẹ́ tó, kì í sì í ṣe nítorí owó yàrá nìkan. Ìlú tí ó tẹ́ gbọọrọ lẹ́bàá Òkun Mẹditaréníà ní ilẹ̀ Íjíbítì ni Alẹkisáńdíríà. Ẹni tí ó bá lọ sùn ní ìhà ìlà-oòrùn, ní agbègbè Montaza tí ọgbà ńlá àti ààfin ọba àtijọ́ wà, yóò rí afẹ́fẹ́ àti òkun gbádùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa san owó ọkọ̀ lọ bọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ rí ohun kan ní àárín ìlú àtijọ́. Ẹ wá yàrá sí agbègbè tí wọ́n ń pè ní Mahattat Raml, nítòsí gbàgede Saad Zaghloul. Àwọn ilé ìtura kéékèèké wà níbẹ̀ nínú àwọn ilé alájà tí ó ti pẹ́, òmíràn tilẹ̀ kọjú sí òkun, owó wọn kò sì tó ti àwọn ilé ìtura olórúkọ ńlá. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín dé ilé ìṣeré àwọn ará Róòmù ní Kom el-Dikka, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gíríìkì òun Róòmù, ibùdókọ̀ ojú irin àti ilé ìkàwé ńlá. Bí orúkọ ìdílé tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà yín bá yàtọ̀ sí ti ọkọ yín, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó yín dání, nítorí àwọn ilé ìtura kan lè béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fún tọkọtaya ní yàrá kan.

Oṣù tí ẹ mú dára. Nínú oṣù Keje àti Ìkẹjọ, àwọn ará Káírò fúnra wọn ni wọ́n ń sá fún ooru wá sí etí òkun yìí, owó yàrá a sì ga. Láti oṣù Kejìlá sí Ìkejì, òjò àti ìjì òkun a máa jà gan-an. Nínú oṣù Kọkànlá, oòrùn kì í mú, èrò kì í pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun lè tutù ní alẹ́, ẹ sì lè bá òjò pàdé, nítorí náà ẹ di aṣọ òtútù kan mọ́ ẹrù.

Ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀ láti Káírò, ní ibùdókọ̀ Ramses. Ọ̀nà irin yìí ni ó kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ti so ìlú méjèèjì pọ̀ láti ọdún 1856. Ọkọ̀ tí ó yára ń lo bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ó sì ní àwọn ipele tí owó wọn yàtọ̀ síra. Ipele kejì tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ti tó ènìyàn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, pàápàá tí ó bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ wọn. Kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn: bí ọkọ̀ bá dé Alẹkisáńdíríà, Sidi Gaber ni yóò kọ́kọ́ dúró, ọ̀pọ̀ èrò a sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó ní tiyín títí ẹ óò fi dé Mahattat Misr tí ọ̀nà irin parí sí, torí ibẹ̀ ni ó sún mọ́ ibùsùn yín.

Ní ti ohun tí ẹ óò wò, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìlú náà ti gba òkìkí. Alẹ́kísáńdà ọba Masidóníà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọba tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì kọ́ ilé iná kan sí erékùṣù Pharos, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fi ń mọ ọ̀nà èbúté. Ilé náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Móròkò tí ó padà wá la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ilẹ̀ Màlì, rí i ní 1326 nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wó. Nígbà tí ó padà dé ibẹ̀ ní 1349, ó ti bàjẹ́ débi pé kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ní 1477 ni Sultan Qaitbay, ọba Íjíbítì nígbà náà, wá kọ́ odi agbára sí ojú ibẹ̀ gan-an, odi náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ san owó ìwọlé rẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti òkè rẹ̀ ni ẹ óò ti rí bí èbúté ṣe tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ yí ìlú ká. Ẹni tí owó bá sì há mọ́ lọ́wọ́ lè rìn lórí àwọn òkúta ẹ̀yìn odi náà lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín àwọn apẹja tí ń ju ìwọ̀ sómi.

Tíkẹ́ẹ̀tì kejì tí èmi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ni ti Kom el-Shoqafa. Àwọn ibojì abẹ́ ilẹ̀ ni, ìpele mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí ó jìn sínú ihò ní ọdún 1900 ni ìtàn sọ pé ó ṣí ojú ibẹ̀ payá. Ohun tí ó mú kí ibẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ẹ óò rí àwọn òrìṣà Íjíbítì tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri nínú aṣọ ọmọ ogun Róòmù, àmì pé àwọn tí ó sin òkú wọn síbẹ̀ gba ti ilé, wọ́n sì gba ti àlejò, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Òpó òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní òpó Pompey, tí gíga rẹ̀ tó bíi mítà 27, wà nítòsí. Diocletian, olú-ọba Róòmù, ni wọ́n gbé e ró fún, kì í ṣe Pompey tí í ṣe balógun Róòmù. Bí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan, ẹ wọ inú ibojì, kí ẹ sì wo òpó náà láti ojú títì. Gíga rẹ̀ kò jẹ́ kí ògiri bò ó.

Ẹ ti mẹ́nu ba Bíbélì àti ohun tí bàbá ọkọ yín ń sọ. Àpólò tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 sọ pé ó jẹ́ ọlọ́rọ̀ lẹ́nu, ọmọ ìlú yìí ni, ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà sì ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ kúrò ní Málítà. Àwọn Kristẹni ibẹ̀ gbà pé Máàkù Mímọ́ ni ó mú ìhìn rere wá fún wọn, kàtídírà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí Raml. Wọn yóò yẹ ẹrù yín wò ní ẹnu ọ̀nà, nítorí náà ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Ní ti bàbá yín, mo rò pé mọ́ṣáláṣí Abu al-Abbas al-Mursi ni ó ń sọ, ní agbègbè Anfushi, pẹ̀lú èyí tí ó kọjú sí i tí í ṣe ti al-Busiri. Al-Busiri yìí ni ó kọ Búrúdà, ewì ìyìn Ànábì tí àwọn ọmọ ilé kéú wa ń kọ́ sórí láti Ìlọrin títí dé Kàdúná. Kò sí owó ìwọlé ní ibi méjèèjì. Ẹ borí, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ má sì wọlé nígbà tí wọ́n bá ń kírun.

Ní òwúrọ̀ kan, ẹ jí lọ sí Anfushi yìí kan náà. Ọjà ẹja ibẹ̀ a máa kún kí oòrùn tó mú, ẹ óò sì rí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n ṣì ń fi igi kan ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá òkun. Àmọ́ ẹ má ya fọ́tò ilé ìjọba, sójà tàbí ọkọ̀ ojú omi ológun o, torí ìhà Ras el-Tin jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Oúnjẹ ni ibi tí owó yín yóò ti pẹ́ jù. Ẹ̀wà ful tí wọ́n sè títí tí ó fi rọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì, ni oúnjẹ àárọ̀ gbogbo mẹ̀kúnnù. Ta'amiya tí wọ́n ń fi ẹ̀wà lílọ̀ àti ewé dín sì dà bí ìbátan àkàrà wa. Koshari, tí í ṣe ìrẹsì, makaróní àti ẹ̀wà oríṣiríṣi tí wọ́n da ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà díndín lé, yóò yó yín di alẹ́. Ẹ̀dọ̀ díndín ti Alẹkisáńdíríà, tí wọ́n fi ata sí, dára púpọ̀ fún ẹnu wa tí ó mọ ata. Ẹja ni kí ẹ ṣọ́ra sí. Ẹ óò fọwọ́ yan ẹja lórí yìnyín, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n sè é. Ẹ béèrè iye kílò kan àti iye owó sísè kí wọ́n tó gbé e sórí iná, nítorí lẹ́yìn iná kò sí ìdúnàádúrà mọ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó jẹ́ oúnjẹ àlàáfíà yín. Omi inú ike ni kí ẹ máa mu.

Owó Íjíbítì dínkù gan-an ní oṣù Kẹta ọdún 2024 nígbà tí báńkì àpapọ̀ wọn fi í sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi iye tí ẹni tí ó lọ ṣáájú ìgbà náà sọ fún yín ṣe ìṣirò. Ẹ mú dọ́là tí kò ya, tí kò sì dọ̀tí, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní báńkì. Àwọn ibi àtijọ́ kan káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ dán káàdì yín wò kí ẹ tó kúrò ní Àbújá, kí ẹ sì bi báńkì yín léèrè iye tí ó lè ná lókè òkun. Owó ìwọlé fún àlejò ga ju ti ọmọ ìlú lọ. Òfin wọn ni, ẹ má bá wọn jà.

Ní ti ìwé, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹ gba físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Íjíbítì níbí ní Àbújá kí ẹ tó sanwó ohunkóhun tí kò ṣeé gbà padà, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì tí ó fi hàn pé ẹ ti gba àjẹsára ibà pọ́njú, nítorí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà dé.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Sàríà. Èmi yóò wà ní Káírò fún ìgbà díẹ̀. Ṣé mo lè lọ sí Alẹkisáńdíríà kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà láti fi owó yàrá pamọ́? Adéwálé.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, Adéwálé, bí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kùtùkùtù, tí o sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ sílẹ̀. Má gbìyànjú ju ibi mẹ́ta lọ. Èmi yóò mú Kom el-Shoqafa ní àárọ̀, odi Qaitbay ní ọ̀sán, kí n sì lo ìyókù nínú ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ṣí ní 2002 ní ìrántí èyí tí ó pa run láyé àtijọ́. Ògiri òkúta rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé sí lára ṣeé wò láti ìta lọ́fẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ti tì. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ bá ká a, sùn lóru kan. Ìrọ̀lẹ́ etí òkun, nígbà tí gbogbo ìdílé bá jáde jókòó sórí ògiri kúkúrú tí ó gba ẹ̀bá omi lọ, ni ìlú náà dára jù, ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ni yóò sì fi í dù ọ́. Mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ dání, nítorí ó ń dín owó ìwọlé kù.

ÌBÉÈRÈ: Sábọ́n Gàrí ní Kánò ni mo ń gbé, èmi nìkan ni mo sì fẹ́ bá ọkọ̀ òfurufú Kánò sí Káírò lọ. Àárò Alẹkisáńdíríà ti ń sọ mí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba Lárúbáwá ilé kéú ni mo gbọ́, ẹ̀rù wíwọ ọkọ̀ sì ń bà mí. Àlàájà R.

ÌDÁHÙN: Àlàájà, ìwọ̀nba náà wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti iye owó ọjà, nọ́ńbà Lárúbáwá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n, nítorí òun náà ni ó wà ní ìparí āyà kọ̀ọ̀kan nínú Kùránì. Ẹ kàn rántí pé èyí tí ó rí roboto bí òdo tiwa, márùn-ún ni. Èyí tí ó jọ méje tiwa, mẹ́fà ni. Òdo tiwọn sì dà bí àmì ìdánudúró kékeré lásán. Àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ń tẹ̀lé etí òkun ni ó rọrùn jù: ẹ nawọ́ dá a dúró, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ fi owó lé ẹni iwájú lọ́wọ́, yóò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì yóò sì gba ọ̀nà kan náà padà. Takisí dúdú òun ìyeyè kì í tẹ̀lé mítà, nítorí náà ẹ bi òṣìṣẹ́ ilé ìtura yín léèrè iye tí ó tọ́ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì fẹnu kò pẹ̀lú awakọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní alẹ́, ẹ fi fóònù pe Uber, kí owó àti nọ́ńbà ọkọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ilé ìtura yín ní Lárúbáwá sínú bébà, kí ẹ fi í sínú báàgì, nítorí fóònù lè kú.