Ọmọ mi ní AI gbọ́n ju ọpọlọ ènìyàn lọ: ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn níbí. Ọmọkùnrin mi wà ní SS2, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò jókòó ìdánwò WAEC. Látìgbà tó ti mọ AI lórí fóònù ni kì í ti í ṣíwèé mọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó máa ń gbà á ní wákàtí méjì tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń parí rẹ̀ báyìí. Mo bá a wí, ó ní kí n má bínú, pé sẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù 86 ló wà nínú ọpọlọ ènìyàn, pé AI ní bílíọ̀nù 175, kí ni òun tún ń da orí ara òun láàmú sí? Èmi ò kàwé jìnnà, mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ṣé kí n gba fóònù náà ni?

Ìyá Aláṣọ, Gbági

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì gba fóònù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọmọ lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Ó ti kà á níbì kan, nọ́ńbà méjèèjì sì tọ̀nà. Ibi tó ti fi wọ́n wé ara wọn ló ti ṣìnà.

Bílíọ̀nù 86 ni iye sẹ́ẹ̀lì tí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn nínú ọpọlọ. Bílíọ̀nù 175 jẹ́ ti GPT-3, AI kan tó jáde ní 2020, kì í sì í ṣe sẹ́ẹ̀lì rárá. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n, tí ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n bí ohun kan ṣe fà mọ́ òmíràn tó. Bí a bá ń wá ohun tó jọ ọ́ nínú orí tiwa, oríta la máa kà, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú oríta bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ wọn sì tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 100. Ọmọ yín ka iye ilé tó wà n'Ìbàdàn, ó wá lọ fi wé iye ilẹ̀kùn tó wà l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ fi nọ́ńbà bá a jà. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ju oríta wa lọ lọ́la, ṣé ọmọ ti jàre nìyẹn? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa fi méjèèjì wé ara wọn ti pẹ́. Ní 1943, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Warren McCulloch, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ìṣirò dunjú, Walter Pitts, fi ìṣirò ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ: ó ń gba iṣẹ́ láti ọ̀nà púpọ̀, bí iṣẹ́ náà bá tó ìwọ̀n kan, yóò dáhùn, bí kò bá tó, yóò dákẹ́. Orí àwòrán yẹn ni gbogbo AI tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí ti hù jáde. Ẹ sì mọ bí ọmọ kékeré ṣe máa ń ya ènìyàn: róbótó kan lókè, igi márùn-ún nísàlẹ̀. A ó mọ̀ pé ènìyàn ló yà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ebi, kò sí oorun. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù wa. Bàbá kan wà tí mo tọ́jú, awakọ̀ ni kó tó dùbúlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ba apá òsì ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sókè, mo ní, "Bàbá, kí lèyí?" Ó wò ó títí. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Ló bá na ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì mú un, ó yí i nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sítáàtì mọ́tò, ó sì fi ẹnu ṣe bí ẹ́ńjìnnì. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá mọ kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ mọ ìró tó máa tẹ̀ lé e, ó mọ ẹni tí yóò fi wà lọ sílé. Orúkọ nìkan ni kò rí.

Òdìkejì bàbá yìí ni AI. Kò sí orúkọ tí kò ní. Ẹ bi í ní kọ́kọ́rọ́, yóò sọ irú irin tí wọ́n fi ń rọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò di kọ́kọ́rọ́ mú rí, kò sọ ọ́ nù lálẹ́ rí kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí òjò ń pa á. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ ló mọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: wọ́n da òkìtì ìwé sílẹ̀ fún un, wọ́n bo ọ̀rọ̀ tó kàn, wọ́n ní kó sọ ọ́. Bó bá ṣì í, wọn a tún nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe díẹ̀, wọn a tún bo òmíràn. GPT-3 rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 ègé ọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n sọ. Ìṣirò àwọn tó ń ṣèwádìí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè ni pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún 13 ti gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 lọ. Ọmọ yín gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn yín nínú ọ̀já, ó sì ti ń dúnàá-dúrà kó tó wọ iléèwé.

Mo dán ọ̀kan nínú àwọn AI yìí wò ní èdè wa. Mo kọ ọ́ láìfi àmì sí i: "Igba igba ni mo ra l'Oja Oba." Ó ní mò ń sọ pé mo máa ń ra nǹkan nígbà gbogbo. Ẹni tó bá dàgbà n'Ìbàdàn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú: igba igbá ni, ìyẹn igbá tó tó igba, bóyá ilé kan ló fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò ṣiyèméjì rárá. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ẹ ò mọ̀ lọ́wọ́ àgbà, yóò ní, "Dúró ná." AI lè fi ohùn kan náà sọ òótọ́ àti àṣìṣe, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó ṣì í lọ́nà. Nítorí náà, ọmọ tí kò bá kọ́ nǹkan kan sórí, kí ni yóò fi yẹ iṣẹ́ AI wò?

Kí a má ṣe ojúsàájú o. Ohun tí AI mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2002, kọ̀ǹpútà kan ní Amsterdam yẹ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ta awari wò pátápátá, ìyẹn ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Ipò ọmọ ayò tó kà lé ní bílíọ̀nù 889, ó wá rí i pé bí ọ̀tayò méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Kò sí ọ̀tayò kankan lábẹ́ igi tó lè ka ìdajì ìdá rẹ̀. Ní 2016, AI kan tí wọ́n ń pè ní AlphaGo na Lee Sedol, ọ̀gá nínú ayò Go ní Kòríà, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í bínú.

Ẹ wá wo ohun tí tiwa ń jẹ. Ọpọlọ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé, iná tó ń lò kò sì ju nǹkan bíi wáàtì 20. Fáànù ìsọ̀ yín ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. H100, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n fi ń kọ́ AI, lè jẹ wáàtì 700, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni wọ́n sì ń tò jọ sínú ilé kan. Inú fóònù ọmọ yín kọ́ ni AI yẹn wà. Ilé bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ń sáré lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, ọgbọ́n ti lọ nìyẹn. Wọn ò sì ní jẹ́ kó mú fóònù wọ gbọ̀ngàn WAEC.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Ẹ̀rọ yẹn ti kàwé tirẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ yín. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú nọ́ńbà rẹ̀ tó ń yí padà. Bó bá jọ pé ó rántí ọ̀rọ̀ àná, ìwé ló kọ pa mọ́ tó tún kà. Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí ọmọ bá ń jìjàkadì pẹ̀lú ìṣirò kan, tó ń parẹ́, tó ń tún un kọ, oríta inú orí rẹ̀ ń yí padà níbi tó jókòó sí gan-an. Àwọn kan ń lágbára, àwọn kan ń rọ. Ìnira tó ń sá fún yẹn ni ẹ̀kọ́. Bàbá awakọ̀ tí mo sọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé kọ́kọ́rọ́ sókè fún un láràárọ̀, kì í sì í tètè bá a sọ ọ́. Á dúró. Á jẹ́ kó wá a. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó sọ ọ́, ó lọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ká ní ó ń bá a sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní ni, mi ò rò pé ì bá tètè rí bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìtàn wọ́ọ̀dù nìkan. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn olùṣèwádìí nípa ìrántí ní Amẹ́ríkà, pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ka ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ti AI gan-an, wọ́n dán an wò ní iléèwé girama kan ní Turkey, pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2025. Àwọn tí wọ́n fún ní AI fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ta àwọn yòókù yọ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìṣirò. Wọ́n gba AI kúrò, wọ́n fún wọn ní ìdánwò: wọ́n fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn tí kò fojú kàn án rárá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kẹta wà, tí wọ́n ṣe AI tiwọn kó máa tọ́ wọn sọ́nà, kó má sọ ìdáhùn fún wọn. Àwọn yẹn kò rẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ kẹta yẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ má gba fóònù. Ọ̀nà tó ń gbà lò ó ni kí ẹ yí padà. Kó kọ́kọ́ fi bírò ṣe iṣẹ́ náà, kódà bó kùnà. Lẹ́yìn náà, kó sọ fún AI pé, "Má sọ ìdáhùn fún mi, bi mí ní ìbéèrè, kí o sì fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí." Yóò ṣe é.

Ẹ ní ẹ ò kàwé jìnnà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún yín kò nílò ìwé. Nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá ń ká aṣọ nílẹ̀, ẹ ní kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó kọ́ lónìí fún yín. Tó bá jẹ́ bí ewé ṣe ń fi oòrùn se oúnjẹ ni, kó sọ ọ́ bí yóò ṣe yé aláṣọ. Ẹ máa bi í ní "kí ló dé?" àti "báwo?" Ibi tó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò tíì kọ́, kó padà sídìí ìwé rẹ̀ lọ wò ó, kí ó tún padà wá sọ ọ́.

Oorun náà ńkọ́? Òru ni ọpọlọ ń tún ohun tó kọ́ lọ́sàn-án tò, tó ń kó o síbi tí yóò pẹ́ sí. Bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jẹ́ kí fóònù wà ní yàrá yín, kí ẹ sì ra aago ìtanijí kékeré fún un, kó má bàa ní torí àárọ̀ ni òun ṣe fẹ́ gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.